Ta Ni A Gbé Dìde Kí Àlejò Tó Jókòó?

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti ẹnu dé ẹnu lágbègbè Ọjà Àlàbá, láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìbà àti Okokomaiko. Ó tó ohun tí èèyàn lè jókòó tì, kó yẹ̀ ẹ́ wò tọ̀tún tòsì. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni ti àwọn onílé tó ń ní kí ayálégbé ọlọ́dọọdún kó jáde, kí wọ́n lè sọ ilé wọn di ibi tí àlejò yóò máa wá sùn fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Ṣọ́tílẹ́ẹ̀tì ni àwọn ajẹ́ńtì ń pè é. Wọn á kun ilé lọ́dà funfun, wọn á gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i, wọn á ra bẹ́ẹ̀dì ńlá àti tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, wọn á ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, ó di ilé owó nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sun ọjọ́ kan, kó san ti ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ sun ọ̀sẹ̀ kan, kó san ti ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí pé tẹ́náǹtì ń bẹ lánlọ́ọ̀dù pé kó ṣe sùúrù di ìparí oṣù. Ẹni tí kò bá tíì sanwó, kọ́kọ́rọ́ kò ní tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò kọ ìwé yìí láti bi yín bóyá owó wà nínú òwò náà. Owó wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe wèrè. Ohun tí mo ń bi ara mi, tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi rò, ni pé: ṣé ó tọ́? Ẹni tó ni ilé, ṣé gbogbo ohun tó bá ti wù ú ló lè fi ilé rẹ̀ ṣe, tí kò sì ní jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè? Àbí ilé tí èèyàn ti ń gbé inú rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, ní ẹ̀tọ́ kan nínú tí wọn kò kọ sínú ìwé tí a fi ra ilẹ̀?

Ẹni tó bá mọ Àlàbá kò ní bi mí pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbóná níbẹ̀. Ọjà ẹ̀rọ iná mànàmáná ni: rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, jẹnẹrétọ̀, wáyà, gílóòbù, títí kan ẹ̀rọ tó ń fa iná lára oòrùn. Ará Èkó nìkan kọ́ ló ń ná an. Wọ́n ń ti Kútọnu àti Lómé wá, wọ́n ń ti Gánà àti Kamẹrúùnù wá, ká má tíì sọ ti Kánò, Ìbàdàn àti Onitsha. Ọlọ́jà tó ti ọ̀nà jíjìn wá kò lè ra ẹrù, kó dán an wò, kó dì í, kó wá mọ́tò tí yóò gbé e, kó sì parí gbogbo rẹ̀ lóòjọ́. Dandan ni kó sùn. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tó wà ní Ọ̀jọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, náà ń mú àlejò tirẹ̀ wá: òbí tó wá wo ọmọ, ẹni tó wá ṣe ìdánwò, ẹbí tó wá síbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Tó bá sì di oṣù December, àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà á rọ́ dé, owó ilẹ̀ òkèèrè á wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì ní fẹ́ sùn sí yàrá tí bàbá wọn bí wọn sí.

Lórí gbogbo èyí, ẹ tún wá fi ti ọkọ̀ ojú irin kún un. Ọjọ́ 4 oṣù September 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2. Ètò tí ìjọba ṣe ni pé Okokomaiko ni ojú irin náà yóò parí sí. Ajẹ́ńtì tó bá ti gbọ́ Okokomaiko àti rélùwéè pọ̀ nínú gbólóhùn kan, inú rẹ̀ á ti máa dùn, á ti máa tẹ àwọn onílé láago.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ pè yìí o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo dá iye owó ilé lé àdúgbò lórí. Ká ní fúláàtì oníyàrá méjì kan ń mú ₦1,200,000 wọlé lọ́dún. Ká wá ní wọ́n sọ ọ́ di ti àlejò, ₦30,000 ni wọ́n ń gbà lálẹ́ kan, àlejò sì ń sùn níbẹ̀ ní alẹ́ 12 péré nínú oṣù. ₦360,000 nìyẹn lóṣù. Lọ́dún, ó di ₦4,320,000. Ẹ yọ owó ajẹ́ńtì, ẹ yọ owó alágbàfọ̀, owó ọmọkùnrin tó ń ṣí géètì, epo jẹnẹrétọ̀, ọṣẹ, àti abọ́ tí àlejò fọ́ tí kò jẹ́wọ́. Ká tiẹ̀ ní ìdajì gbogbo rẹ̀ bá ìnáwó lọ, ₦2,160,000 ló ṣẹ́ kù. Tí a bá yọ owó ilé ti tẹ́lẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, èrè tí onílé fi lé e ni ₦960,000.

Ẹ fi ₦960,000 yìí sọ́kàn. Orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn wa dúró lé. Ìbéèrè mi ni pé: láti àpò ta ló ti wá?

Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, ó yẹ kí n gbọ́ ẹnu onílé, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Mo ti jókòó ti onílé tó pọ̀ lágbègbè yìí, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò lásán. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ọdún 11 lòun fi kọ́ ilé òun, búlọ́ọ̀kù kan tẹ̀lé òmíràn, pé nígbà tí òun ń fi gàrí mímu ra sìmẹ́ńtì, kò sí tẹ́náǹtì kankan tó wá bá òun ru ú. Òótọ́ ni. Ó ní tẹ́náǹtì kan jẹ òun lówó ọdún kan àtààbọ̀, òun gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú, òun ń san owó lọ́yà, tẹ́náǹtì sì ń sùn nínú ilé òun ó ń hanrun. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Láti ọjọ́ 29 oṣù May 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, kò sí ohun tí kò gbówó lórí. Iná mànàmáná àwọn tó wà ní Band A fò láti ₦68 sí ₦225 lórí yúnìtì kan ní oṣù April 2024. Kúnlékúnlé, kanlékanlé, onísẹ́ púlọ́ḿbà, gbogbo wọn ti fi owó kún owó iṣẹ́ wọn. Bí onílé bá wá fi kún owó ilé, wọ́n á ní ọ̀dájú ni. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, kí lẹ wá fẹ́ kí n jẹ?” N kò lè sọ pé kó jẹ afẹ́fẹ́.

Nítorí náà, n kò bá wọn dá sí i tí wọ́n bá ń bú gbogbo lánlọ́ọ̀dù pọ̀. Ilé kì í ṣe odò tí gbogbo ayé ń pọn. Ẹni tó kọ́ ọ ló ni ín, ó sì yẹ kó jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀.

Òfin náà gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ilé gbígbé tí Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí ní 2011 kò sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ilé rẹ̀. Ó yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó la ọ̀nà: onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bí kò bá sì sí àdéhùn mìíràn láàárín wọn, ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí ayálégbé ọlọ́dọọdún kí wọ́n tó ní kó kó jáde. Onílé tó bá fún èèyàn ní ìwé rẹ̀ bó ṣe yẹ, tó dúró de oṣù mẹ́fà, tó sì tẹ̀lé ìyókù ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ láti gba ilé, òfin ti tán lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó bá wù ú ló lè fi yàrá náà ṣe lẹ́yìn ìyẹn.

Ibi tí òfin bá wa dé nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí òfin kò kọ̀ kò di ohun rere nítorí pé òfin kò kọ̀ ọ́. Òfin kò ní kí o kí aládùúgbò rẹ káàárọ̀. Òfin kò ní kí o bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn. Ẹni tí kò bá ṣe méjèèjì, wọn kò ní mú un, ṣùgbọ́n a mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Òwò àlejò kì í ṣe òwò tuntun ní ilẹ̀ wa, òun ni mo ṣe fẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é. Kò jìnnà, ẹ wo Àlàbá Rágò. Èdè Hausa ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ. Àgbò ni wọ́n ń pè ní rágò. Láàárín àwọn oníṣòwò ẹran láti Òkè Ọya, ipò kan wà tí wọ́n ń pè ní maigida, ìyẹn onílé. Ọ̀mọ̀wé Abner Cohen ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Sábó Ìbàdàn, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 1969. Ẹni tó da màlúù wá láti òkè yóò wọ̀ sí ilé maigida rẹ̀. Yóò sùn, yóò jẹ, kò sì ní san kọ́bọ̀ fún oorun. Ibi tí èrè maigida wà ni orí ẹran tí wọ́n bá tà: ó ní iye tó tọ́ sí i lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi tọ́ sí i ni pé òun ni onídùúró. Àwìn ni àwọn alápatà ń ra ẹran. Bí alápatà bá gbé màlúù lọ tí kò sanwó, maigida ni yóò san án fún àlejò rẹ̀. Owó àlejò, orí àlejò àti orúkọ àlejò, ọrùn onílé ni gbogbo rẹ̀ wà.

Tiwa náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Nígbà tí àjèjì bá wọ ìlú Yorùbá láyé àtijọ́, ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ilé ta lo wọ̀ sí?” Ìbéèrè yẹn ni páásípọ́ọ̀tù ìgbà náà. Bó bá ti lè dárúkọ onílé kan, ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò bá wí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ wá lọ bi ẹni tó sun ilé ṣọ́tílẹ́ẹ̀tì léèrè lónìí pé ilé ta ló wọ̀ sí. Kò mọ̀ ọ́n. Ojú fóònù ló ti sanwó, inú àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló ti mú kọ́kọ́rọ́, onílé sì lè wà ní Houston kó máa wo fóònù tirẹ̀. Bí ariwo bá sọ ní agogo méjì òru, bí wọ́n bá ń ja ìjà àjàkú nínú yàrá, ta ni aládùúgbò fẹ́ pè?

Gbèsè kìíní tí onílé àlejò jẹ nìyẹn: ó jẹ àwọn tó yí i ká ní ìdúró. Ẹni tó ń gba owó àlejò, kò yẹ kó fi wàhálà àlejò sílẹ̀ fún ìyá alákàrà tó ń gbé ojúlé kejì.

Gbèsè kejì ló tóbi jù. Ẹ bá mi kálọ sí FESTAC, ojú ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà ni. Láti ọjọ́ 15 oṣù January sí ọjọ́ 12 oṣù February 1977, Nàìjíríà gba àlejò àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Áfíríkà láti orílẹ̀-èdè tó ju 50 lọ fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà. Níbo ni wọn yóò sùn sí? Ìjọba kọ́ ìlú kan tuntun nítorí wọn, ilé inú rẹ̀ sì ju 5,000 lọ. Nígbà tí ijó parí tí àlejò lọ, wọ́n ṣẹ́ kèké lórí àwọn ilé náà, àwọn tí kèké mú sì kó wọlé. Ìṣẹ́ ọnà parí láàárín oṣù kan. Àwọn tó kó wọlé ti bímọ síbẹ̀, ọmọ wọn ti bí ọmọ.

N kò sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ FESTAC ló mọ́ o. Owó tí wọ́n ná nígbà náà fa àròyé, àwọn tó sì ni ilẹ̀ kí ìjọba tó dé ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ibùsùn tuntun ni wọ́n tẹ́ fún àlejò, nígbà tó sì dìde, ará ìlú jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba Lateef Jakande, tó wà lórí àga láti 1979 títí dé 1983, kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà fún mẹ̀kúnnù. Ojú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ilé àlejò di ilé ará ilé. Ohun tí à ń rí báyìí ni ìdàkejì rẹ̀: ará ilé ni a ń gbé dìde kí àlejò lè jókòó.

Òun ni mo ṣe sọ pé ìbéèrè tó yẹ ká bi onílé kì í ṣe, “Ṣé o ń gba àlejò?” Ìbéèrè tó yẹ ni, “Ibùsùn tí o tẹ́ fún àlejò, ta ló ń sùn sórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 2015, òfin ti ní ẹni tó bá fẹ́ fi odidi ilé rẹ̀ gba àlejò ju alẹ́ 90 lọ láàárín ọdún kan gbọdọ̀ gba àṣẹ. Ní New York, láti oṣù September 2023 ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ líle mú un pé ẹni tó bá fẹ́ gba àlejò fún iye ọjọ́ tí kò tó 30 gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀, onílé gbọdọ̀ máa gbé inú ilé náà pẹ̀lú àlejò, àlejò kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Ní Barcelona, ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, olórí ìlú kéde ní oṣù June 2024 pé ìwé àṣẹ ilé àlejò 10,101 tó wà níbẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ tó bá di oṣù November 2028. Ẹjọ́ kan náà ni àwọn ará ìlú wọ̀nyí ń rò: wọ́n ní ilé kún ìlú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ọmọ ìlú lè háyà. Ẹ sì wo ti New York dáadáa. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí onílé wà nílé pẹ̀lú àlejò rẹ̀. Maigida ni wọ́n ń wá láìmọ orúkọ rẹ̀!

Ẹnì kan lè sọ pé Okokomaiko kì í ṣe Barcelona. Lóòótọ́ ni. Ilé tó pọ̀ jù ní àdúgbò wa ṣì jẹ́ ilé ayálégbé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ti di ti àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kó kó jáde kò lè fi ìwọ̀nba díẹ̀ sùn. Níbo ni yóò lọ? Yóò máa sún sẹ́yìn ni, sí Ìjànikin, sí Agbára, sí ọ̀nà Àgbádárìgì lọ́hùn-ún. Yóò san owó ajẹ́ńtì tuntun àti owó àgírímẹ́ńtì tuntun. Ọmọ rẹ̀ á pààrọ̀ ilé ìwé láàárín tááàmù. Bó bá jẹ́ Àlàbá ló ti ń tajà, yóò máa wọ dánfó lójoojúmọ́ lọ síbi tó ti máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà á pàdánù àwọn oníbàárà tó fi ọdún mẹ́fà kó jọ.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí ₦960,000 wa. Apá kan nínú rẹ̀, láti àpò àlejò ló ti wá, àlejò náà sì rí ibi tó tutù sùn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Apá kan jẹ́ èrè ọpọlọ onílé, tó rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ṣùgbọ́n apá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé owó dánfó ni, owó àgírímẹ́ńtì ni, oníbàárà ẹni ẹlẹ́ni ló fọ́n ká. Kò hàn nínú ìwé onílé nítorí pé kì í ṣe òun ló ń san án. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Láyé ìgbà tí wọ́n pa òwe yẹn, onílé tó jẹ gbèsè náà ló ń san án. Ní ayé tiwa, onílé ló jẹ èrè, ẹlòmíràn ló ń san gbèsè lẹ́yìn.

Àwọn onílé máa ń sọ pé àlejò ni tẹ́náǹtì náà, pé ọjọ́ kan ni yóò lọ. N kò gbà. Ẹni tó ti ń gbé ilé rẹ fún ọdún mẹ́sàn-án ti kúrò ní àlejò. Nínú ilé kan tí mo mọ̀ ní Ìbà, tẹ́náǹtì iyàrá ẹ̀yìn ló gbọ́ nígbà tí Bàbá onílé ṣubú ní balùwẹ̀ lóru. Òun ló gbé e sẹ́yìn, òun ló wá mọ́tò tó gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn ọmọ Bàbá wà lókè òkun. Nínú ìwé ìṣirò ilé yẹn, owó ọdún nìkan ni wọ́n kọ síwájú orúkọ tẹ́náǹtì náà. Etí tó fi ń gbọ́, ojú tó fi ń ṣọ́ géètì, ẹnu tó fi ń lé ọmọ tó fẹ́ sá jáde sójú títì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ṣírò. Àlejò alẹ́ méjì kò lè fún yín ní ìyẹn, kódà bó bá san owó ìlọ́po mẹ́wàá.

Ẹ tún rántí pé àlejò kò ní gbèdéke. Ní oṣù August 2019 ìjọba ti ẹnubodè ilẹ̀ wa pa, títí kan ti Sẹ̀mẹ̀, ó sì di December 2020 kí wọ́n tó tún un ṣí. Nínú àkókò kan náà, ní oṣù March 2020, àrùn kòrónà mú kí wọ́n ní kí gbogbo Èkó jókòó sílé. Ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń ti Kútọnu wá, ta ni yóò sùn síbẹ̀ nígbà náà? Ayálégbé wà nílé. Ẹni tí kò rí owó san lẹ́ẹ̀kan ń san án díẹ̀díẹ̀. Ó tutù lójú onílé láti máa rí i lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Kí wá ni ìdájọ́ mi? Onílé mẹ́ta ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìka wọn kò sì dọ́gba.

Ẹni kìíní ni ẹni tó ra ilẹ̀ òfìfo, tàbí tó ra ilé tí kò parí tí koríko ti bò, tó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ fún àlejò. Ó fi ibùsùn kún ibùsùn ìlú, kò gbé ẹnikẹ́ni dìde. Kó jẹ èrè rẹ̀, kó sì dúró fún àlejò rẹ̀, ó tán.

Ẹni kejì ni ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tí àwọn ọmọ ti lọ tán, tí yàrá mẹ́ta ṣófo nínú ilé tó ń gbé, tó wá fi wọ́n gba àlejò. Maigida ayé òde òní nìyẹn. Ó wà nílé, ó mọ ẹni tó wọlé, bí ariwo bá sọ, òun ni wọn yóò pè. N kò rí àbùkù kankan níbẹ̀.

Ẹni kẹta ni ẹni tó gbé ará ilé dìde. N kò sọ pé kò gbọdọ̀ ṣe é láéláé. Ohun tí mo sọ ni pé ó jẹ gbèsè, kó sì san án. Kó má lo ọgbọ́n wàyó, kó má gé omi, kó má ṣí páànù orí ilé, kó má sọ pé ọmọ òun ló fẹ́ kó wọlé nígbà tó jẹ́ pé àlejò ló ń bọ̀. Kó sọ òótọ́ fún wọn, kó sì fún wọn ní àkókò tó ju èyí tí òfin là sílẹ̀ lọ bí wọ́n bá ní ọmọ nílé ìwé. Nínú ₦960,000 ọdún kìíní yẹn, kó yọ ohun tí wọn yóò fi wá ilé mìíràn, kó sì fi lé wọn lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó?” Àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ohun tí èèyàn púpọ̀ kò ṣe kò lè jẹ́ ohun tó tọ́, a ó kan sọ ilẹ̀ di ọjà, a ó sì máa pe èyí tó wọ́pọ̀ ní èyí tó dára.

Obìnrin opó kan ní Okokomaiko fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ̀ mí. Tẹ́náǹtì mẹ́rin ló wà nílé rẹ̀. Méjì jẹ ẹ́ lówó ọdún kan àtààbọ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ sí i ṣàkàṣàkà. Méjì ń san tiwọn déédéé. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun yóò fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n tún gbogbo ilé ṣe fún àlejò, kí Màámi sinmi lọ́wọ́ ìyà. Ó bi mí léèrè pé ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo ní, “Màámi, àwọn méjì tó jẹ yín lówó ti fi ọwọ́ ara wọn já okùn tó wà láàárín yín. Ẹ gba ilé yín ní ọ̀nà tí òfin là, ẹ fi yàrá méjèèjì gba àlejò, ẹ̀yin fúnra yín sì wà nílé. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó ń san owó, ẹ má gbá wọn mọ́ ìdọ̀tí jáde.” Ó ní àwọn ajẹ́ńtì sọ pé àlejò kì í fẹ́ kí tẹ́náǹtì wà nínú ọgbà kan náà, pé èrè kò ní pọ̀ tó. Mo ní òótọ́ ni, kò ní pọ̀ tó. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní òun yóò bá ọmọ òun sọ̀rọ̀. N kò mọ ibi tí wọ́n bá a dé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìṣirò tó ń ṣe kì í ṣe ti owó nìkan mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, tí ajẹ́ńtì ń fi fọ́tò ilé ránṣẹ́ sí, tó ń sọ fún yín pé ojú irin ń bọ̀, pé owó á wọlé lóṣooṣù, ẹ má bínú sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ bi í ní iye owó ilé, ẹ bi í bóyá ìwé ilẹ̀ pé, ẹ bi í bóyá omi máa ń wọ ibẹ̀ lásìkò òjò. Kí ẹ tó wá fi owó ránṣẹ́, ẹ tún fi ìbéèrè kan kún un: “Ta ló ń gbé inú ilé yẹn báyìí, níbo ló sì ń lọ?” Bó bá ní kò sẹ́ni, ẹ ní kó fi ojú ilé hàn yín lóru, kí ẹ wò ó bóyá iná ń tàn lójú fèrèsé.